Gígùn Páìpù Èéfín àti Agbára Ẹ́ńjìnnì Túù-sitróòkù Kékeré: Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Oní-mọ́tò Rímóòtù ní Abẹ́òkúta

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ kí mọ́tò rímóòtù òun (mọ́tò kékeré ẹlẹ́ńjìnnì tí a ń fi rímóòtù darí láti òkèèrè) sáré sí i, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó gé páìpù èéfín rẹ̀ kúrú. Ẹlòmíràn á ní rárá o, kó fi kún un ni. Àwọn méjèèjì lè jàre, wọ́n sì lè jẹ̀bi, nítorí iṣẹ́ tí gígùn páìpù ń ṣe ni pé ó ń yan ìgbà tí agbára máa dé. Páìpù gígùn ń mú agbára wá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yí kíkankíkan. Páìpù kúkúrú ń fi agbára náà pamọ́ títí eré á fi dé òkè. Ẹni tí kò bá tíì mọ ibi tó ti ń fẹ́ agbára lórí ilẹ̀ tó ń sá kò tíì ní ìdí láti mú ayùn.

Àwa tí a ń sá mọ́tò yìí ní Abẹ́òkúta ni mo ní lọ́kàn. Ìlú òkè àti àpáta ni ìlú wa. Ilẹ̀ tó tẹ́jú gbọọrọ tí wọ́n sì da ọ̀dà sí kò wọ́pọ̀. Ibi tí a ti ń sáré sábà máa ń kún fún kọ́nà, tàbí kó máa gòkè díẹ̀. Páìpù tó bá ẹni tó ń sáré ní pápá ńlá ní Yúróòpù mu lè má bá wa mu rárá, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù

Ẹ rántí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour". Túù-sitróòkù ni òun náà, ìdí nìyẹn tí a fi ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Kò ní fáàfù tó ń ṣí tó ń pa bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sí ara sílíńdà, písítìn ló ń ṣí i, písítìn náà ló ń pa á bó ti ń lọ sókè sódò. Ojú èéfín ló kọ́kọ́ ń ṣí, kí èéfín jáde. Lẹ́yìn náà ni ojú àgbéwọlé máa ṣí, tí epo àti afẹ́fẹ́ tuntun á rọ́ wọlé. Nígbà tí písítìn bá ń padà lọ sókè, ojú àgbéwọlé ló ń kọ́kọ́ pa, ojú èéfín á ṣì wà ní ṣíṣí fún ìwọ̀nba àsìkò kan. Ní àsìkò yẹn, epo tuntun tí kò tíì jóná ń bá ojú èéfín sá lọ.

Páìpù tí wọ́n ń pè ní tuned pipe ni wọ́n ṣe láti dá epo yẹn padà. Ẹ wo ìrísí rẹ̀: ọrùn tín-ínrín, ara tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ikùn, ẹ̀yìn tó tún ń fún, ihò ìrù kékeré ní òpin. Nígbà tí ojú èéfín bá ṣí, èéfín gbígbóná á bẹ́ jáde, ìgbì rẹ̀ á sì máa sá lọ nínú páìpù bí ohùn ṣe ń sá. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ohùn ń rin bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú èéfín gbígbóná, ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mítà 518 ni iye tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe páìpù fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Bí ìgbì yẹn bá dé ibi tó ń fẹ̀, apá kan rẹ̀ á padà sí sílíńdà, ṣùgbọ́n fífà ni yóò máa fà. Ó máa fa èéfín tó ṣẹ́kù jáde, ó máa ran epo tuntun lọ́wọ́ láti wọlé, ó tilẹ̀ máa fa díẹ̀ lára epo náà kọjá sínú ọrùn páìpù. Ìgbì tó ṣẹ́kù á lọ gbá ẹ̀yìn tó ń fún, yóò sì padà wá pẹ̀lú títì. Títì yìí ló máa ti epo tó sá sínú ọrùn padà sínú sílíńdà kí písítìn tó pa ojú èéfín. Ẹ́ńjìnnì á wá ní epo àti afẹ́fẹ́ nínú ju èyí tí ì bá ní lọ. Agbára ibẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó kù ni àsìkò. Ẹni tó bá pariwo níwájú àpáta tó sì dúró gbọ́ gbohùngbohùn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n: bí àpáta bá jìnnà, ohùn á pẹ́ kó tó padà, bó bá sún mọ́, kíá ló máa padà. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní 30,000 ní ìṣẹ́jú kan ń parí ìyípo kan nínú ìdá méjì lára ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ojú èéfín rẹ̀ bá ṣí fún dígírì 170 nínú dígírì 360, àkókò tí ìgbì ní láti lọ kó sì bọ̀ kò pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí páìpù bá gùn jù fún eré yẹn, ìgbì á dé nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì. Bó bá kúrú jù, ìgbì á tètè dé, á ti epo padà, epo náà á sì tún ráyè sá jáde kí ojú èéfín tó pa. Ìdí nìyẹn tí páìpù kan ṣoṣo kò fi lè dára ní gbogbo eré: ó ní ibi tó ti ń kọrin, ibi tó kù sì jẹ́ ibi tí a kàn ń gbà kọjá.

Kì í ṣe inú mọ́tò kékeré ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Walter Kaaden, ẹnjiníà tó wà ní ilé-iṣẹ́ MZ ní ìlú Zschopau ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ló sọ ọ́ di ohun ìjà lórí alùpùpù ìdíje ní àwọn ọdún 1950. Nígbà tó fi máa di 1961, alùpùpù 125 cc rẹ̀ ti ń mú agbára ẹṣin 25 jáde, ohun tí ẹ́ńjìnnì túù-sitróòkù kékeré kò lálàá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Ernst Degner tó ń gun alùpùpù MZ sá kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì gbé ìmọ̀ náà lọ fún Suzuki, tó gba ife àgbáyé ìpele 50 cc ní 1962. Ohun tí Kaaden ń ṣe ní iyàrá àdánwò rẹ̀ kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀ sí ohun tí ẹ máa ṣe nísàlẹ̀ yìí: ó ń fi ìwọ̀n rọ́pò àfojúdíwọ̀n.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan gígùn

Ẹ tún abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀, ìyẹn ìdè kékeré tó ń pinnu bí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ṣe pọ̀ tó, ṣe ná. Mi ò lè tẹnu mọ́ ọn tó. Eré ìgbì dá lórí bí èéfín ṣe gbóná tó. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín á tutù, ìgbì á lọ́ra, páìpù á sì máa ṣe bí ẹni pé ó gùn ju bó ti gùn lọ. Bí èéfín bá kúrò ní 350°C dé 400°C, ìgbì á yára sí i ní bíi ìdá 4 nínú 100. Lórí páìpù tó gùn ní 245 mm, bí ìgbà tí ẹ gé bíi 9 mm kúrò ni. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń gé páìpù nígbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì dúró ń lé òjìji.

Kí orí ẹ́ńjìnnì wà láàárín 100°C sí 120°C lẹ́yìn tó bá ti sáré dáadáa, kí èéfín tín-ínrín sì máa hàn lẹ́yìn mọ́tò lórí ibi tó tọ́. Ẹ nílò ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láti òkèèrè. Èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà kò wúlò níbí, torí ooru ara ènìyàn ló mọ. Èyí tí àwọn tó ń tún áíkọndíṣọ̀n ṣe ń lò ni kí ẹ wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tó ń jò. Ẹ nu gbogbo oríkèé páìpù gbẹ, ẹ sáré díẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Níbi tí ọ́ìlì dúdú bá ti yọ ní ibi tí mánífóòdù (ọ̀pá kúkúrú tó so ojú èéfín pọ̀ mọ́ páìpù) ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tàbí lábẹ́ rọ́bà sílíkóònù tó so ó mọ́ páìpù, ìgbì ń sá lọ níbẹ̀. Ẹ wo ara páìpù bóyá ó tẹ̀ wọnú. Ẹ wo ihò ìrù bóyá ọ́ìlì jíjóná ti dí i. Ihò yìí kì í ṣe ibi tí a ń fọwọ́ ṣeré: bó bá fún jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà; bó bá fẹ̀ jù, títì tó wà nínú páìpù á dínkù, agbára á lọ. Rọ́bà kékeré tó ń gbé títì láti ara páìpù lọ sínú táńkì epo náà gbọ́dọ̀ wà láìya, nítorí títì yẹn ló ń gbé epo wá.

Ọ̀rọ̀ epo wá. Mẹ́táánọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú epo mọ́tò yìí, pẹ̀lú nítrò àti ọ́ìlì, ìgbà mìíràn òróró làrà. Mẹ́táánọ́ọ̀lù ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìlú wa sì kún fún ọ̀rinrin lásìkò òjò, nítorí náà ẹ má ṣe fi agolo sílẹ̀ ní ṣíṣí. Májèlé ni pẹ̀lú. Òun ló wà nínú ògógóró tó pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015. Ó ń gba awọ ara wọlé, iná rẹ̀ kì í sì í hàn ní ọ̀sán gangan. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ike omi mímu láéláé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ojú èéfín

Ẹ nílò ìwé róbótó tí wọ́n ya dígírì 360 sí. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ní Pánṣẹ́kẹ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí líle. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ́ńjìnnì lè yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ yọ mánífóòdù kí ẹ lè rí inú ojú èéfín. Ẹ so páálí náà mọ́ fúláìwíìlì, ìyẹn àgbá irin tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, ẹ tẹ wáyà tín-ínrín kan mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kó máa tọ́ka sí dígírì.

Ẹ mú písítìn lọ sókè pátápátá, kí ẹ fi òdo sí abẹ́ wáyà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ojú èéfín, kí ẹ máa yí fúláìwíìlì díẹ̀díẹ̀ sí apá ibi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí. Bí ẹ bá ti rí i tí orí písítìn ṣí ojú èéfín bí ìlà irun, ẹ kọ dígírì náà sílẹ̀. Ẹ máa yí i lọ, písítìn á lọ sílẹ̀, á padà bọ̀. Nígbà tó bá pa ojú èéfín tán, ẹ tún kọ dígírì sílẹ̀. Ẹ yọ èyí àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì. Bí ó bá ṣí ní 95, tó pa ní 265, dígírì 170 nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò 3.5 cc, tí wọ́n ń pè ní .21, sábà máa ń wà láàárín 165 sí 180. Bí òdo yín kò bá tilẹ̀ bọ́ sójú gan-an, ìyàtọ̀ láàárín nọ́ḿbà méjèèjì kò ní yí padà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò

Ìgbì gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ láàárín ìgbà tí ojú èéfín fi ṣí. Bí ẹ bá fi mítà 518 ṣe eré rẹ̀, ìṣirò náà wá jẹ́:

Gígùn ní mm = 43,170 × dígírì ojú èéfín ÷ iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan

Fún ẹ́ńjìnnì oní-dígírì 170, 25,000 máa fún yín ní bíi 294 mm. 30,000 máa fún yín ní 245 mm. 35,000 máa fún yín ní 210 mm. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra.

Ìṣirò yìí náà ló sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í fi irú páìpù yìí sára ẹ̀rọ amúnáwá kékeré. 3,000 ni ẹ̀rọ yẹn ń yí kí iná lè jáde dáadáa. Bí ojú èéfín rẹ̀ bá ṣí fún dígírì 150, páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju mítà méjì lọ. Eré gíga ló jẹ́ kí páìpù tiwa lè wọ inú mọ́tò tí a ń gbé lọ́wọ́ kan.

Níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gígùn? Láti ojú písítìn, kì í ṣe láti ibi tí mánífóòdù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki wáyà rírọ̀ gba àárín mánífóòdù, kí ó tẹ̀ bó ti tẹ̀, ẹ sàmì sí i, ẹ nà án, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìwọ̀n páìpù kún un títí dé bí ìdajì ẹ̀yìn tó ń fún, torí kì í ṣe ojú kan ṣoṣo ni ìgbì ti ń padà: gbogbo ẹ̀yìn yẹn ló ń dá a padà, ibi ìdajì rẹ̀ ni a fi ń ṣe àárín.

Bí ó bá jẹ́ 260 mm, ìṣirò á sọ fún yín pé páìpù náà bá 28,200 mu jù. Bí ẹ bá gé 5 mm, á gòkè dé bíi 28,800. Ìyẹn ni pé 1 mm kan ń gbé ibi agbára kúrò ní bíi 110 ìyípo. Ẹ fi nọ́ḿbà yìí sọ́kàn kí ẹ má bàa gé 20 mm lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ sì ni ìṣirò: ooru páìpù tiyín kò ní bá 518 yẹn dọ́gba régérégé. Àdánwò ló máa dájọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá lóòótọ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun sì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí fóònù nìkan ló gbà. Ẹ́ńjìnnì túù-sitróòkù ń jó epo lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìyípo. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ iye ìgbà tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60, ẹ ti rí iye ìyípo. Ohùn 500 Hz jẹ́ 30,000.

Ẹ wá áàpù ọ̀fẹ́ tó ń fi àwòrán ohùn hàn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó tọ́, lẹ́yìn ààbò, kí ẹnìkan máa wa mọ́tò kọjá níwájú yín nígbà tí eré bá dé òkè. Ohùn á ga nígbà tó ń bọ̀, á sì rẹlẹ̀ nígbà tó ń lọ; ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú rẹ̀ lára ọkọ̀ tó bá kọjá lẹ́bàá yín ní títì. Ẹ mú nọ́ḿbà méjèèjì, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín wọn sí méjì. Bí ó bá jẹ́ 525 nígbà tó ń bọ̀ àti 477 nígbà tó ń lọ, àárín wọn jẹ́ 501, ìyípo sì jẹ́ bíi 30,000. Ẹ ṣọ́ra o: ìlà tó lágbára jù lójú àwòrán lè jẹ́ ìlọ́po méjì ohùn gidi. Ìlà ìsàlẹ̀ jù lọ nínú àwọn tó wà ní àlàfo dọ́gbadọ́gba ni kí ẹ mú.

Ẹ má ṣe gbé mọ́tò sókè kí ẹ fi táyà sílẹ̀ láìkanlẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dé òpin láti wọn eré. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ẹrù lọ́rùn lè sá kọjá agbára kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀ (ọ̀pá tó ń di písítìn mú), bí kọ́nrọ́ọ̀dù bá sì já, gbogbo inú sílíńdà ló máa bàjẹ́.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ibi tó ń jáde láti kọ́nà, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Bí mọ́tò yín bá ń jáde láti kọ́nà ní 18,000, tó sì ń parí ibi tó tọ́ ní 30,000, páìpù tó bá 33,000 mu kò ní kọrin rárá lórí ilẹ̀ yẹn. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi a máa ní kí ẹ wá gígùn tó bá eré díẹ̀ sísàlẹ̀ òpin mu, bíi 27,000 sí 28,000, kí agbára lè wà láti àárín lọ. Ìlú wa sì kún fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yí gígùn padà

Bí páìpù yín bá jẹ́ èyí tí rọ́bà sílíkóònù so mọ́ mánífóòdù, ibẹ̀ ló rọrùn jù. Ẹ fa páìpù jáde díẹ̀ kó gùn, ẹ tì í wọlé kó kúrú. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lábẹ́ rọ́bà kò gbọ́dọ̀ ju mm díẹ̀ lọ, torí iná èéfín á jó rọ́bà náà, ìgbì á sì dàrú níbi tí ihò ti fẹ̀ lójijì. Bí ẹ bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí tọ́nà gé òrùka álúmíníọ̀mù fún yín, tí inú rẹ̀ fẹ̀ bíi ti mánífóòdù gan-an. Ẹ ṣe é ní 3 mm, 5 mm, 8 mm. Òrùka mẹ́ta yìí ni mo kà sí owó tó níyì jù tí ẹ lè ná lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó sàn ju páìpù tuntun lọ.

Mọ́tò tí sípíríǹgì fi páìpù rẹ̀ mọ́ mánífóòdù, irú èyí tó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀, kò fàyè gba pé kí a fa páìpù jáde tàbí kí a tì í wọlé. Mánífóòdù kúkúrú, ti àárín àti gígùn ni wọ́n ń tà fún un. Bí ẹ kò bá rí wọn rà, wẹ́dà tó mọ bí a ṣe ń jó álúmíníọ̀mù lè fi kún mánífóòdù tàbí kó dín in kù. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n gidi, ní Láfẹ́ńwá ni o tàbí níbòmíràn: álúmíníọ̀mù kì í ṣe irin géètì, iná tó bá pọ̀ jù á yọ́ ọ. Ẹ sọ fún un pé kí inú rẹ̀ dán, kí ègé jíjó kankan má yọ wọnú ihò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gígùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: a lè gé 3 mm lónìí, ká gé 3 mm lọ́la, ṣùgbọ́n irin tí a gé kì í hù padà. Ẹ gé e tọ́, ẹ fi fáìlì yọ ẹnu rẹ̀, ẹ sì fọ irin kíkúnná kúrò kí ó má bàa wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán an wò, ẹ ka àmì rẹ̀

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Epo kan náà, plọ́ọ̀gì kan náà, jíà kan náà, táyà kan náà. Ẹ gbé kóònù méjì sí ibi tó tọ́ àti méjì sí ibi tí a ti ń jáde láti kọ́nà, kí ẹ fi fóònù ya fídíò, kí ẹ sì ka àkókò láti inú fídíò. Ojú máa ń tan ènìyàn: mọ́tò tó ń ké kíkankíkan máa ń jọ èyí tó yára, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń lọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tán kí ẹ tó ka ohunkóhun, nítorí páìpù tútù ń ṣe bíi páìpù gígùn. Lẹ́yìn náà, ẹ sá gígùn àkọ́kọ́, ẹ sá èkejì, kí ẹ tún padà sá àkọ́kọ́. Bí gígùn àkọ́kọ́ kò bá fún yín ní iye kan náà lẹ́ẹ̀kejì, oòrùn tàbí abẹ́rẹ́ ló yí padà, kì í ṣe páìpù ló ń sọ̀rọ̀. Òwúrọ̀ Abẹ́òkúta àti ọ̀sán rẹ̀ kò rí bákan náà: afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ wúwo jù, epo tó tó lówùúrọ̀ lè pọ̀ jù ní ọ̀sán. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ́ńjìnnì sábà máa ń fẹ́ epo sí i díẹ̀. Nígbà òjò ó máa ń fẹ́ dínkù. Eruku ọyẹ́ náà ń bọ̀, ẹ fọ fílítà afẹ́fẹ́ kó tó di pé ẹ dá páìpù lẹ́bi.

Bí páìpù bá gùn jù fún ilẹ̀ yín, mọ́tò á jáde láti kọ́nà bí ọfà, ṣùgbọ́n kó tó dé òpin ibi tó tọ́, ohùn rẹ̀ á dúró sójú kan, kò ní ga mọ́. Bó bá kúrú jù, á lọ́ra láti kọ́nà, á dà bíi pé nǹkan dì í mú, lẹ́yìn náà á ṣàdédé ké, á bẹ́ síwájú. Bíbẹ́ yẹn dùn ún gbọ́, àwọn òǹwòran á sì pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n táyà á máa yọ̀, ọwọ́ awakọ̀ á sì máa pẹ́. Páìpù tó kúrú jù tún máa ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀ ju bó ti yẹ lọ, torí ẹ́ńjìnnì kò ní agbára nísàlẹ̀ láti dì í mú. Bí béèlì kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ike irin tó bo kílọ́ọ̀ṣì, bá gbóná débi tó yí àwọ̀ padà, ẹ fi kún gígùn.

Jíà àti páìpù jọ ń rìn ni. Bí ẹ bá ti gé páìpù tí mọ́tò kò sì dé eré tí ẹ gé e fún, ẹ dín eyín jíà tó wà lára kílọ́ọ̀ṣì kù ní ẹyọ kan, kí ẹ́ńjìnnì lè gun òkè dé ibi tí páìpù ń dúró dè é. Ìgbà mìíràn ìyípadà jíà yìí nìkan ló kù, ẹni náà á sì ti gé páìpù mẹ́ta lásán.

Lẹ́yìn gbogbo ìyípadà gígùn, ẹ tún abẹ́rẹ́ òkè, èyí tó ń darí epo nígbà eré gíga, yẹ̀ wò. Páìpù tó ti bọ́ sójú ń ki epo àti afẹ́fẹ́ sí i sínú sílíńdà, ooru lè gòkè. Bí orí ẹ́ńjìnnì bá kọjá 120°C, tí èéfín sì pòórá lẹ́yìn mọ́tò, ẹ ṣí abẹ́rẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó tún sáré.

Ọ̀rọ̀ ariwo: páìpù kúkúrú àti eré gíga ń ké dé ọ̀nà jíjìn. Ẹ má ṣe dán an wò lẹ́bàá ilé ìwòsàn, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò ìsìn, tàbí ní àdúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ kí i, ẹ tọrọ àyè.

Nígbà tí ẹ bá rí gígùn tó bá ilẹ̀ yín mu, ẹ fi màákà tí ooru kì í pa rẹ́ tàbí ìfá kékeré sàmì sí ibi tí rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀ lórí mánífóòdù àti lórí páìpù, ẹ so ó le, kí ẹ sì kọ gígùn, jíà, plọ́ọ̀gì, epo, ooru àti iye ìyípo sínú ìwé kan. Rọ́bà sílíkóònù máa ń rọ̀, ó sì máa ń sún díẹ̀díẹ̀ bí epo ṣe ń jò sí i. Ẹ wo àmì yẹn kí ẹ tó sáré nígbàkigbà, bí ó bá sì ti sún tàbí tí rọ́bà bá ń ya létí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.